Ta Ni Ó Ń Dìbò fún Ará Odígbó? Ìtàn Ìgbìmọ̀ Olùdìbò ní Ilẹ̀ Wa

Oríta ni Orè. Ẹni tó bá ti Èkó ń lọ sí Benin yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti Oǹdó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa yóò gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Odígbó kò jìnnà sí i, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi sọ agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Orè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àgbẹ̀ olóko kòkó, agégẹdú, onímọ́tò àti oníṣòwò ló kún àyíká náà. Bí irú àwọn ènìyàn báyìí bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣojú wọn nínú ìjọba, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni pé kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ dìbò. Èkejì ni pé kí wọ́n yan àwọn mélòó kan láàrin ara wọn, kí àwọn wọ̀nyí sì lọ bá wọn dìbò níbòmíràn. Àwọn tí a yàn lọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìgbìmọ̀ olùdìbò.

Nígbà tí a bá dárúkọ ìgbìmọ̀ olùdìbò, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ. Wọ́n rò pé àríyànjiyàn bóyá kí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bá a lọ, tàbí kí a tún un ṣe, tàbí kí a pa á rẹ́, kò kan ilẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí ìbò ará Odígbó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbò náà lójú ọ̀nà ni ó yẹ kí a wádìí kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́.

Nínú àṣà Yorùbá, kí àwọn díẹ̀ yan olórí fún àwọn púpọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Iṣẹ́ àwọn afọbajẹ nìyẹn. Ní Oǹdó, àwọn ìjòyè tí à ń pè ní Ìwàrẹ̀fà ló ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ Ọ̀ṣemàwé, Lóbùn, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà, sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìfijoyè náà. Ẹni tó bá wo ètò yìí dáadáa yóò rí ohun mẹ́ta tó gbé e ró. Lọ́nà kìíní, ìlú mọ àwọn afọbajẹ lórúkọ àti lójú, oyè wọn kò sì pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́nà kejì, ọwọ́ wọn kò ṣí sílẹ̀ pátápátá: ìdílé tí oyè kàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ yàn nínú rẹ̀, Ifá a sì máa sọ tirẹ̀. Lọ́nà kẹta, àárín ìlú kan náà ni afọbajẹ ń gbé. Bó bá yan ẹni burúkú, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni ìlú yóò kọ́kọ́ gbà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹjọ́ oyè kò tán nílẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe Òfin Oyè ní ọdún 1957, kí ìwé lè wà tí yóò sọ ìdílé tí oyè kàn àti àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti yàn.

Ìgbìmọ̀ olùdìbò ti òṣèlú ayé òde òní wọ àárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1951, lábẹ́ ìwé òfin tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà John Macpherson pè. Ní oṣù kìíní ọdún 1950 ni àwọn aṣojú láti gbogbo Nàìjíríà ti pàdé ní Ìbàdàn láti jíròrò lórí ìwé òfin náà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé kí ìdìbò gba ìpele dé ìpele. Àwọn kéréje kan, tí Eyo Ita wà lára wọn, kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ó sàn kí gbogbo àgbà máa dìbò fúnra wọn. Ohùn ọ̀pọ̀ ló borí.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ní ìletò àti ní àdúgbò, àwọn àgbà tó ń san owó orí pé jọ láti yan aṣojú wọn. Àwọn aṣojú wọ̀nyí bá ti àwọn ìletò mìíràn pàdé, wọ́n sì tún yan àwọn díẹ̀ láàrin ara wọn. Àwọn díẹ̀ yìí ni ó wá di ìgbìmọ̀ olùdìbò ìkẹyìn fún odindi ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Dífíṣọ̀n, àwọn ni wọ́n sì yan ẹni tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni èyí jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní Àríwá ó tó márùn-ún níbòmíràn. Èkó nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti yan àwọn aṣòfin 5 tirẹ̀ ní tààrà. Lẹ́yìn èyí, ìpele kan tún kù: àwọn aṣòfin Ìbàdàn náà tún di ìgbìmọ̀ olùdìbò, nítorí pé àwọn ni wọ́n yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin fún gbogbo Nàìjíríà ní Èkó.

Dífíṣọ̀n Oǹdó ni Odígbó àti Orè wà nígbà náà. Nítorí náà, ìbò àgbẹ̀ kan ní ìletò itòsí Odígbó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú igbó, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú àgbègbè, kó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìkẹyìn ti Dífíṣọ̀n, kó gba ibẹ̀ dé Ìbàdàn, kó tó wá ti Ìbàdàn dé Èkó. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ẹlòmíràn ló ń gbé e. Ẹni tí kò san owó orí kò sì sí nínú ètò náà rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin ni kò ní ohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ọjà wà.

Kò tọ́ kí a sọ pé ìwà ìkà tàbí ìwà òmùgọ̀ ló mú kí wọ́n ṣe ètò yìí. Àwọn tó gbè é ní ìdí. Nílẹ̀ tí ọ̀nà kò ti pọ̀, tí ìwé orúkọ olùdìbò kò tíì sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀wé kà, wọ́n rò pé ará ìletò kò lè mọ ẹni tí ń gbé ibi jíjìn tó fẹ́ di aṣòfin. Ṣùgbọ́n ó mọ aládùúgbò rẹ̀. Ó mọ olóòótọ́, ó mọ elékèé, ó mọ ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó mọ̀, kí ẹni tó mọ̀ náà sì yan ẹni tí òun pẹ̀lú mọ̀. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Yorùbá pàápàá ní òwe kan tó gbè é lẹ́sẹ̀: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. A kì í rán ẹni tí kò ní làákàyè níṣẹ́ ìlú. A retí pé bó bá dé ọ̀hún tó bá nǹkan mìíràn nílẹ̀, yóò lo òye rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1952 fi ibi tí òye olùjíṣẹ́ lè gbé iṣẹ́ dé hàn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń du Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀kan ni NCNC ti Nnamdi Azikiwe, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Èkejì ni Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1951. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé láti àwọn ìgbìmọ̀ olùdìbò kò wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ ńlá kankan. Ẹni mímọ̀ ní ìlú ni wọ́n, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ bí Ibadan People's Party, Otu Edo ti Benin àti Ondo Improvement League. Nígbà tí ìdìbò parí, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló kéde pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà.

Nígbà tí Ilé ṣí ní Ìbàdàn, ó hàn pé Ọlọ́pẹ ló ní ọ̀pọ̀. Nínú àwọn 6 tó wọlé lábẹ́ àsíá Ibadan People's Party, 5 ló bá Ọlọ́pẹ lọ. Adégòkè Adélabú nìkan ló dúró sí ọ̀dọ̀ Alákùkọ. Títí di òní ni àríyànjiyàn ń lọ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ìfọ̀tẹ̀ ni, pé aṣòfin rékọjá láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn lójú gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ní kò sí ìfọ̀tẹ̀, pé ẹni tí kò wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ kan kò lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè ní òtítọ́ nínú, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù ètò náà wà. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ohun tí olùdìbò ìletò rán aṣòfin rẹ̀, nítorí pé kò sí ibì kankan nínú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti bi í.

Ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ kan Azikiwe fúnra rẹ̀. Èkó yàn án ní tààrà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì gba gbogbo ipò 5 tí Èkó ní. Ṣùgbọ́n ènìyàn 2 péré nínú wọn ni Ilé Ìbàdàn lè rán lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ̀ láti yàgò fún un. Adélékè Adédoyin àti Dókítà Olorun-Nimbe ni Ilé yàn, Azikiwe kò sì rí ọ̀nà lọ. Ará Èkó tó dìbò fún un kò ní ohun tó lè ṣe sí i. Ìbò rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàrin ọdún mélòó kan, ètò náà yí padà. Ìwé òfin ọdún 1954 ya ìdìbò Ilé Aṣojú-ṣòfin sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé aṣòfin ẹkùn. Ní ọdún náà, àwọn tó ń san owó orí ní Ìwọ̀-Oòrùn dìbò ní tààrà fún ilé náà, NCNC sì gba 23 nínú ipò 42, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Action Group ló ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, wọ́n dìbò ní tààrà fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Action Group gba 48, NCNC gba 32. Ní ọdún 1959 ni gbogbo àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn fún ìjọba àpapọ̀, tí owó orí kò sì jẹ́ ìdènà mọ́.

Ẹ̀kọ́ wà nínú iye méjèèjì yìí. Ẹni tó ń wí pé ìgbìmọ̀ olùdìbò ló gba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ Alákùkọ yóò tọ́ka sí ọdún 1954. Ẹni tó ń wí pé ìgbìmọ̀ náà kò ṣìnà yóò tọ́ka sí ọdún 1956. Àǹfààní ìdìbò tààrà kò sí nínú pé ó gbè fún ẹgbẹ́ kan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún 1956, kò sí ẹni tó tún lè jiyàn nípa ohun tí àwọn olùdìbò wí.

Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ olùdìbò kò kú. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, tí ogun sì dé Orè gan-an ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ó pẹ́ kí ìdìbò tó padà wá. Nígbà tó padà wá, ọ̀nà àtijọ́ ló kọ́kọ́ gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1977, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n lò bí ìgbìmọ̀ olùdìbò láti yan àwọn 203 tó lọ sí àpérò tó ṣe ìwé òfin tuntun. Òfin ìdìbò tí wọ́n fi ṣe ti Ààrẹ ní ọdún 1979 pẹ̀lú sọ pé bí olùdíje kan kò bá ní ìbò tó pọ̀ jù, kó tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ó kéré tán nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ ilé aṣòfin méjèèjì ti àpapọ̀ àti ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò yan ọ̀kan nínú olùdíje méjì.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1979, Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Awólọ́wọ̀ gba ju mẹ́sàn-án nínú ìbò mẹ́wàá lọ. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tó yẹ kó jẹ́ ìkẹtàlá, kò tó bẹ́ẹ̀. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò fún ẹgbẹ́ Shagari, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 13, pé 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Àwọn agbẹjọ́rò Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a ń gé sí wẹ́wẹ́; ó di dandan kí àwọn ilé aṣòfin dìbò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Shagari láre. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan.

Bí ìgbìmọ̀ olùdìbò ọdún 1979 bá jókòó, ènìyàn 1,891 ni ìbá jẹ́. NPN ti Shagari ní 691 nínú wọn, UPN ti Awólọ́wọ̀ ní 472, NPP ní 320, GNPP ní 208, PRP ní 200. Ẹgbẹ́ kan kò ní 946 tí í ṣe ọ̀pọ̀. Nítorí náà, àdéhùn láàrin àwọn olórí ẹgbẹ́ ni ìbá sọ ẹni tí yóò di Ààrẹ. Ará Orè tó dìbò fún aṣòfin ní oṣù keje, aṣòfin ló ń wá. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ni kí aṣòfin náà bá a yàn sípò Ààrẹ bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Kí ìjọba ológun tó kógbá wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ó yí òfin náà padà: bí kò bá sí ẹni tó yege, gbogbo ènìyàn ni yóò tún dìbò. Ìwé òfin ọdún 1999 náà gba ọ̀nà yìí.

Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ, kò tíì yanjú ti tirẹ̀. Olùdìbò 538 ló ń yan Ààrẹ wọn. Ní ọdún 2000 àti ní ọdún 2016, ẹni tí ìbò àwọn ènìyàn rẹ̀ kéré ló wọlé; ti ọdún 2016 fi ju mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn olùdìbò mélòó kan kọ̀ láti dìbò fún ẹni tí ìpínlẹ̀ wọn rán wọn sí. Ní ọdún 2020 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga wọn wá dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ní agbára láti de olùdìbò mọ́ ọ̀rọ̀ tí a rán an, kí ó sì fìyà jẹ ẹni tó bá yapa. Àtúnṣe kan nìyẹn láìpa ìgbìmọ̀ náà rẹ́: wọ́n fi okùn so olùjíṣẹ́ mọ́ ẹni tó rán an.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí tún yọjú nínú ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn olùdíje APC fa ọ̀rọ̀ náà gan-an: ṣé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò ní wọ́ọ̀dù wọn, tàbí kí àwọn aṣojú lọ dìbò ní Àkúrẹ́? Ti aṣojú ni wọ́n ṣe, Rótìmí Akérédolú sì wọlé pẹ̀lú ìbò 2,458. Ní ọdún 2021, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ fẹ́ sọ ìdìbò tààrà di dandan fún gbogbo ẹgbẹ́. Ààrẹ Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó ní ìnáwó rẹ̀ pọ̀, ààbò rẹ̀ sì ṣòro. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, APC lo ìdìbò tààrà ní àwọn wọ́ọ̀dù 203 ìpínlẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn olùdíje kan fi ní àwọn kò gba èsì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a bá ti lé aṣojú lọ, àìṣòótọ́ ti bá a lọ. Bí ìwé orúkọ kò bá péye, bí a kò bá ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, ìdìbò tààrà pẹ̀lú lè sọnù sójú ọ̀nà.

Kí ni ìtàn yìí wá ń wí? Kò wí pé kí àwọn díẹ̀ má ṣe yan olórí fún àwọn púpọ̀ láé. Afọbajẹ ṣì wà, ìlú sì ń gbà á, nítorí pé ìlú mọ̀ ọ́n, òfin dè é, ó sì ń gbé láàrin àwọn tó yàn fún. Ìgbìmọ̀ ọdún 1951 kò ní okùn kankan tó so ìpele òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ti ọdún 1979 ìbá fi iṣẹ́ tí a kò rán ni lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti lè dìbò fúnra wọn, tí a sì lè ka ìbò náà ní gbangba, kò sí ìdí kankan tó kù láti fi ẹlòmíràn sí àárín. Ìdí ọdún 1951 ti lọ: ọ̀nà ti dé Odígbó, ìwé orúkọ olùdìbò wà, ilé ẹ̀kọ́ sì wà. Níbi tí ẹgbẹ́ tàbí àjọ bá ṣì ń lo aṣojú, ó kéré tán, kí orúkọ wọn hàn síta ṣáájú, kí àwọn tó rán wọn sọ ohun tí wọ́n rán wọn, kí wọ́n sì padà wá jábọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọn lẹ́yìn ìdìbò.

Òwe tó ní kí a fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó máa tẹ̀ lé e: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aṣojú tó kúrò ní Orè lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Àbújá, tó sì ń bẹ̀rù àwọn ẹni ńlá tó bá níbẹ̀ ju àwọn tó rán an lọ, kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe ti ara rẹ̀.